Ìjà Ọmọ Ìyá Méjì: Alabama, Auburn àti Ọdún 41 Tí Wọn Kò Fi Bá Ara Wọn Ṣeré

Àwọn àgbà ní ahọ́n àti ẹnu a máa jà, wọn a sì tún parí rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ahọ́n àti ẹnu bá ara wọn jà ní ọdún 1907, wọn kò sì parí rẹ̀ títí di ọdún 1948. Yunifásítì méjì ni wọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà ni ó ni àwọn méjèèjì, owó orí àwọn ará ìlú kan náà ni ó sì ń bọ́ wọn. Síbẹ̀, fún odidi ọdún mọ́kànlélógójì, wọn kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo ilé wa ń pè ní Màmá Birmingham nítorí ìlú tí wọ́n ń gbé, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yìí fún mi. Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn dé ibẹ̀, kí aládùúgbò kan tó béèrè orúkọ àwọn ni ó ti béèrè pé, "Ta lẹ̀ ń bá ṣe, Alabama tàbí Auburn?" Ẹ̀rín ni mo fi ọ̀rọ̀ náà rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo eré wọn, tí mo sì ń ka ìtàn wọn, èmi náà kó sínú rẹ̀. Màmá Birmingham ń ṣe ti Alabama. Èmi ń ṣe ti Auburn, n kò sì ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn yìí hàn ni pé eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni bọ́ọ̀lù yìí, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì máa ń bà á jẹ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ọmọ, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó, ipò àti ìgbéraga.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí n sọ irú bọ́ọ̀lù tí mò ń wí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bọrọgidi, orí rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ṣóṣóró. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú síra wọn. Ènìyàn mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá, gbogbo wọn a sì dé akoto nítorí pé ìkọlù eré náà le púpọ̀. Ìpínlẹ̀ Alabama kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá tí ń gbá a gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òòjọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo ìpínlẹ̀ gbójú lé. Pápá ìṣeré Yunifásítì Alabama gba ènìyàn tí ó lé ní 100,000. Ti Auburn gba èyí tí ó lé ní 88,000. Ẹ wo iye ènìyàn tí ó ń jókòó ti ọmọ ilé ìwé!

Yunifásítì Alabama, ní ìlú Tuscaloosa, ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1831 ni wọ́n ṣí i, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn agbẹjọ́rò àti olóṣèlú ìpínlẹ̀ náà ti jáde. Auburn ni àbúrò. Ọdún 1856 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1872, ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn ti Tuscaloosa a máa fi àwọn ti Auburn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni wọ́n. Àwọn ti Auburn náà a dáhùn pé agbéraga ni àwọn ti Tuscaloosa. Kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá ni owú ti wà láàárín wọn, nítorí inú àpò ìjọba kan náà ni àwọn méjèèjì ń na ọwọ́ sí.

Ọjọ́ 22 oṣù Èrèlé, ọdún 1893, ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ní ìlú Birmingham. Auburn fi àmì 32 sí 22 borí. Lójú ẹsẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀: Alabama ní eré náà ni wọ́n fi kádìí sáà ọdún 1892, Auburn ní òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sáà 1893. Àwọn tí kò lè fẹnu kò lórí sáà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, báwo ni wọn yóò ṣe fẹnu kò lórí owó?

Ọ̀rọ̀ owó náà dé lẹ́yìn eré ọdún 1907. Ọ̀mì ni wọ́n ta lọ́dún náà, 6 sí 6. Bí wọ́n ṣe jókòó láti ṣètò eré ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Auburn fẹ́ kí wọ́n máa san dọ́là mẹ́ta ààbọ̀ lójúmọ́ fún oúnjẹ àti ibùsùn agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Alabama ní dọ́là mẹ́ta ni àwọn lè san. Wọ́n tún jiyàn lórí iye agbábọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò kó wá, àti lórí ibi tí rẹfirí yóò ti wá. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, títí àkókò fi kọjá lórí wọn. Eré ọdún 1908 kò wáyé, ti 1909 kò wáyé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di àṣà.

Ẹ jẹ́ ká ro ọdún 41 wò. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí eré náà dúró ti lè ní ọmọ tí ó wọ yunifásítì kí wọ́n tó tún gbá a. Ogun Àgbáyé Kìíní jà, ó parí. Ìkejì jà, ó parí. Fún eré oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1926, Alabama wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí California, ní etí òkun kejì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ Washington, wọ́n sì borí, 20 sí 19. Wọ́n rìn dé California, ṣùgbọ́n wọn kò lè rìn dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọ ilé ìwé lọ́dún wọ̀nyẹn, tí wọ́n jáde láì fojú kan eré náà, kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Òṣèlú ni ó da eré náà rú, òṣèlú náà ni ó sì tún un ṣe. Ní ọdún 1947, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà gbé ìpinnu kan jáde tí ó rọ àwọn ilé ìwé méjèèjì pé kí wọ́n padà bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹni tí ń fún ọ lówó bá rọ̀ ọ́, ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́. Ní ọdún 1948, John Gallalee tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Alabama àti Ralph Draughon tí ó jẹ́ ti Auburn jókòó pọ̀, wọ́n sì fẹnu kò. Ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀pẹ ni wọ́n dá eré sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé méjèèjì lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Birmingham, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin àáké kan sínú rẹ̀. Àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, láti fi hàn pé ogun ti parí.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fa ìjà. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n gbẹ́ ihò tí wọ́n sin ín sí.

Lọ́jọ́ náà, Alabama na Auburn ní ànàdójútì, 55 sí 0. Títí di òní, kò tíì sí èyí tí ó tó o láàárín wọn. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n Auburn padà wá lọ́dún 1949, wọ́n sì fi àmì kan ṣoṣo borí, 14 sí 13. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣe tiwọn. Ẹni tí a bá nà lánàá tí ó sì tún yọjú lónìí, kí a bọ̀wọ̀ fún un.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Ọdún 1955 sí 1957 ni J. B. Whitworth fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama. Eré mẹ́rin péré ni ó borí, mẹ́rìnlélógún ni ó pàdánù. Ní ọdún 1957, Auburn, lábẹ́ Ralph Jordan, fi 40 sí 0 nà án, àwọn oníròyìn sì dìbò fún Auburn gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìtìjú àwọn ọdún wọ̀nyí ni ó mú kí Alabama ránṣẹ́ sí ọmọ wọn, Paul Bryant, tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì wà ní Texas nígbà náà. Bryant ní ìyá òun ni ó pe òun, òun kò sì lè ṣàì dáhùn. Ó lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n níbẹ̀, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹfà, ó sì borí Auburn nígbà 19 nínú 25. Àwa olólùfẹ́ Auburn gbọ́dọ̀ gbà pé àwa ni a fi iṣẹ́gun wa pè é wálé. Bí ọ̀tá rẹ bá nà ọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ pé ó ń jí ọ lójú oorun ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń yin àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọ̀nyí, kí a má gbàgbé àwọn ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó àwọn ẹrú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wá sí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama yìí kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Kossola, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Cudjo Lewis, ọmọ Yorùbá láti apá ibi tí ó di ilẹ̀ Benin lónìí. Ọdún 1935 ni ó kú. Lọ́dún náà gan-an, Bryant ń gbá bọ́ọ̀lù fún Alabama, ọmọ-ọmọ Kossola kò sì lè fi ẹsẹ̀ tẹ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti pápá. Nígbà tí Autherine Lucy, obìnrin aláwọ̀ dúdú, wọ Yunifásítì Alabama lọ́dún 1956, àwọn jàǹdùkú dìde sí i, àwọn aláṣẹ sì lé òun fúnra rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1963, Gómìnà George Wallace dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé náà láti dí Vivian Malone àti James Hood lọ́nà, kí ìjọba àpapọ̀ tó mú un yà.

Ní orí pápá, Auburn ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn: ọdún 1969 ni wọ́n mú James Owens. Wilbur Jackson tẹ̀lé e ní Alabama. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 1970, ẹgbẹ́ kan láti California, tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú rẹ̀, wá sí Birmingham, wọ́n sì fi 42 sí 21 na Alabama. Àwọn kan ní eré ọjọ́ kan yẹn ni ó yí ọkàn ìpínlẹ̀ náà padà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Jackson ti wà nínú ọgbà ilé ìwé kí eré náà tó wáyé. Òfin sáà náà ni kò jẹ́ kí ọmọ ọdún kìíní gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tí wọ́n fi ara wọn wewu láti ọdún 1956 ni wọ́n ṣí ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù kàn tẹ̀lé wọn wọlé ni.

Ní ọdún 1981, Auburn mú Pat Dye, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Bryant fún ọdún púpọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wá dojú kọ ọ̀gá. Ọ̀gá borí lọ́dún náà, ó sì di ìgbà kẹsàn-án léraléra tí Alabama na Auburn. Ní ọdún 1982, nígbà tí eré ń parí lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bo Jackson, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, fò kọjá lórí àwọn tí ó dí i lọ́nà, Auburn sì borí, 23 sí 22. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Bryant fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1983 ni ó kú, kò tíì pé oṣù kan sí eré tí ó ṣe kẹ́yìn.

Dye ṣe ohun kan tí ó ju iṣẹ́gun lọ. Láti 1948, Birmingham ni wọ́n ti ń gbá eré yìí lọ́dọọdún. Wọ́n ní ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni, ṣùgbọ́n Alabama a máa lo pápá náà bí ilé ara rẹ̀. Auburn ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Alabama náà wá sí ilé àwọn. Ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1989 ni Alabama kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú Auburn fún eré, ọdún 96 lẹ́yìn ìpàdé wọn àkọ́kọ́. Auburn borí, 30 sí 20. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Bill Curry, akọ́nimọ̀ọ́gbá Alabama. Kò tíì pàdánù eré kankan lọ́dún náà kí ó tó dé Auburn. Ó ti borí mẹ́wàá léraléra. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni ó fi wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Auburn nà án. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kentucky.

Kí ẹ má rò pé ẹgbẹ́ tèmi mọ́ bí omi òjò. Ní oṣù Bélú ọdún 2003, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Auburn bá Alabama pàdé, ọ̀gá àgbà Auburn àti àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ alákòóso wọ ọkọ̀ òfurufú ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ pé kí ó wá gba iṣẹ́ Tommy Tuberville, tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tuberville na Alabama lẹ́yìn ọjọ́ méjì náà, 28 sí 23. Àṣírí tú, ojú tì wọ́n, ọ̀gá àgbà náà sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2004. Lọ́dún náà, Tuberville borí gbogbo eré rẹ̀, mẹ́tàlá nínú mẹ́tàlá. Lọ́dún 2020, àwọn ará Alabama dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington. Ẹni tó bá ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe òṣèlú, kí ó wá wí.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ní ọdún 2010, Gene Chizik mú Auburn dé ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2012, wọ́n lé e. Ní ọdún 2020, wọ́n lé Gus Malzahn, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sì mú kí wọ́n jẹ ẹ́ ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 21 dọ́là kí ó má baà ṣiṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 2022, wọ́n lé ẹni tí ó gbapò rẹ̀, owó tirẹ̀ náà sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15. Ilé ìwé tí ó bá Alabama jà nítorí ààbọ̀ dọ́là lọ́dún 1907 nìyẹn! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, títí di oṣù Agẹmọ ọdún 2021, òfin kò gba ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù náà láyè láti fi orúkọ ara rẹ̀ pa kọ́bọ̀. Alabama ní tirẹ̀ rí Nick Saban lọ́dún 2007, ó gba ipò kìíní fún wọn lẹ́ẹ̀mẹfà kí ó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2024. Màmá Birmingham ní kò sí ohun tí wọn kò lè san fún irú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n san fún àwọn ọmọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò dáhùn.

Ìjà yìí tilẹ̀ kan igi. Igi ńlá méjì kan wà ní ìkóríta kan ní Auburn, tí àwọn èrò a máa ju tíṣù sí lára fún ayọ̀ bí ẹgbẹ́ wọn bá borí. Lẹ́yìn tí Auburn borí Alabama lọ́dún 2010, 28 sí 27, olólùfẹ́ Alabama kan lọ da májèlé sí ìdí àwọn igi náà. Wọ́n kú, wọ́n sì gé wọn lulẹ̀ lọ́dún 2013. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìròyìn náà jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011, àwọn olólùfẹ́ Alabama mìíràn dá owó jọ láti fi ran àwọn igi náà lọ́wọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìjì líle kan jà ní Tuscaloosa, ní ọjọ́ 27 oṣù Igbe, tí ó wó ilé, tí ó sì pa ènìyàn. Àwọn olólùfẹ́ Auburn kó omi, oúnjẹ àti owó jọ, wọ́n gbé e lọ fún àwọn tí wọ́n ń pè ní ọ̀tá. Kò sí aṣòfin tí ó pàṣẹ fún wọn.

Ní ìparí, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Ìdíje kò burú. Òun ni ó pe Bryant wálé, òun ni ó gbé Auburn dìde lẹ́yìn àmì 55. Ohun tí ó burú ni kí àgbàlagbà gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, nígbà tí ilé ìwé wa bá tún fẹ́ bá ilé ìwé kejì ṣeré, tí ọ̀rọ̀ kékeré bá dé lórí owó ọkọ̀ tàbí rẹfirí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ààbọ̀ dọ́là tí ó gba ọdún 41. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ó bá sì ti dé ojú ìjà, ẹ má dúró de àwọn àgbà. Ẹ wá àáké kan, kí ẹ gbẹ́ ihò.